Bí Ẹ Ṣe Lè Tọpa Ohun Tó Ń Wọ Sẹ́ẹ̀lì àti Ohun Tó Ń Jáde Níbẹ̀

Iṣẹ́ olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mò ń ṣe, mo sì ti máàkì ìwé ìdánwò títí ojú fi ń ta mí. Tí ìbéèrè bá ti kan awọ sẹ́ẹ̀lì, orúkọ ni mo máa ń bá nínú ìwé àwọn ọmọ: ìtànkálẹ̀, ọsimósísì, endocytosis, gbogbo rẹ̀ á pé pérépéré. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ pé ọ̀nà wo ni glúkósì gbà kúrò nínú ìfun dénú ẹ̀jẹ̀, á kàn máa wo òkè ni.

Bí mo ṣe ń kọ́ ọ nìyí. Kò sí orúkọ kankan tí ẹ máa há sórí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè díẹ̀ ni ẹ máa bi ohun tí ẹ ń tọpa rẹ̀, ìdáhùn yín ló máa sọ ọ̀nà tó gbà. Tó bá yá, ẹ ó fi ojú ara yín rí i lábẹ́ máíkírósókópù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó ya sẹ́ẹ̀lì ìfun kan sórí bébà, ẹ ó sì tẹ̀ lé glúkósì kan ṣoṣo láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí i pé bí sẹ́ẹ̀lì ṣe so mọ́ra àti bí nǹkan ṣe ń gba awọ wọn kọjá, ọ̀rọ̀ kan náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwé máa ń kó wọn sí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ awọ náà

Awọ sẹ́ẹ̀lì ò nípọn rárá. Nánómítà 7 sí 10 ni. Tí ẹ bá to 100,000 rẹ̀ léra wọn, agbára káká ni yóò fi tó mílímítà 1. Ọ̀rá ló jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní fọsifólípídì: orí rẹ̀ ń fẹ́ omi, ìrù rẹ̀ méjèèjì ń sá fún omi. Ìdí nìyẹn tó fi ń tò sí ìpele méjì, tí orí kọjú sí omi lóde àti omi nínú, tí àwọn ìrù sì fara pamọ́ sí àárín. Ní 1925, Gorter àti Grendel yọ ọ̀rá awọ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sójú omi, wọ́n sì wọn àyè tó gbà. Ó jẹ́ ìlọ́po méjì ojú ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti yọ ọ́. Ní 1972, Singer àti Nicolson fi kún un pé prótíìnì rì sínú ọ̀rá yìí káàkiri, àti pé ọ̀rá náà ò dúró lójú kan, ó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má gbàgbé ti yíyọ̀ yìí, a máa nílò rẹ̀ tó bá yá.

Fún ohun tí a fẹ́ ṣe, àárín awọ náà ni kẹ́ ẹ máa rántí: ọ̀rá gidi ni. Ohunkóhun tó bá máa kọjá láìgba inú prótíìnì gbọ́dọ̀ lè wọ inú ọ̀rá.

Àwọn ìbéèrè

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ó lè la ọ̀rá kọjá fúnra rẹ̀? Ohun mẹ́ta lẹ máa wò: bó ṣe tóbi tó, bóyá ọ̀rá ló ń fẹ́ tàbí omi, àti bóyá iná wà lára rẹ̀, yálà pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gátíìfù. Ọ́ksíjìn kéré, kò sì ní iná lára, ó kọjá. Kábọ̀n dáyọ́ksáìdì náà kọjá. Họ́mọ̀nù bíi ẹsitrójẹ̀nì àti testosterone tóbi ju ọ́ksíjìn lọ dáadáa, síbẹ̀ wọ́n kọjá, nítorí ọmọ ìyá ọ̀rá ni wọ́n. Ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń ṣubú ni sódíọ̀mù. Wọ́n á ní ó kéré ju glúkósì lọ fíìfíì, kí ló dé tí kò lè wọlé? Iná ara rẹ̀ ni. Mólékù omi máa ń so mọ́ ọn yí ká nítorí iná yẹn, kò sì sí bó ṣe máa bọ́ gbogbo wọn sílẹ̀ kó tó wọnú ọ̀rá láìná agbára tó pọ̀ gan-an. Torí náà, kékeré nìkan kọ́ ló jà.

Omi fúnra rẹ̀ wà láàárín. Ó ń la ọ̀rá kọjá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì pupa àti sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ń gbé omi kíákíá ju kí ọ̀rá nìkan lè dá a ṣe. Peter Agre àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló fi ìdí ọ̀ràn náà hàn ní 1992: prótíìnì kan tí wọ́n sọ ní aquaporin, tí ihò wà nínú rẹ̀ tí omi nìkan ń gbà. Ihò kan ṣoṣo lè jẹ́ kí mólékù omi tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá 1. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2003, òun àti Roderick MacKinnon tó fi bí ihò pọtásíọ̀mù ṣe rí hàn.

Tí ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, prótíìnì ló máa gbé e kọjá. Kẹ́ ẹ wá bi í lẹ́ẹ̀kejì: ẹ̀gbẹ́ wo ló ti pọ̀ jù? Tó bá ń ti ibi tó ti pọ̀ lọ síbi tó ti kéré, kò sí owó tí ẹnikẹ́ni máa san. Bí mólékù ṣe ń gbọ̀n rìrì kiri fúnra wọn náà tó, ìtànkálẹ̀ nìyẹn. Fún íónì, ìyẹn ohun tí iná wà lára rẹ̀ bíi sódíọ̀mù, ẹ fi iná kún ìṣirò yín, nítorí inú sẹ́ẹ̀lì máa ń jẹ́ nẹ́gátíìfù ju ìta lọ, ìyẹn sì ń fa sódíọ̀mù mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìtànkálẹ̀ yìí, torí àwọn èèyàn ò mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Mólékù kékeré nínú omi lè rin máíkrómítà 10, ìyẹn ìbú sẹ́ẹ̀lì kan, láàárín nǹkan bíi ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ sọ ọ̀nà náà di mílímítà 1, ó di nǹkan bíi ìṣẹ́jú 8. Ẹ sọ ọ́ di sẹ̀ǹtímítà 1, ó di nǹkan bíi wákàtí 14. Tí ọ̀nà bá gùn ní ìlọ́po mẹ́wàá, àkókò á gùn ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ní ìṣirò yìí lọ́wọ́ kò ní béèrè mọ́ ìdí tí sẹ́ẹ̀lì fi kéré, tàbí ìdí tí ara ńlá fi nílò ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ibi tó ti kéré ló ti ń bọ̀, tó ń lọ síbi tó ti pọ̀, ìbéèrè kẹta dé: ta ló ń sanwó? Ọ̀nà ìsanwó méjì ló wà. Ó lè jẹ́ ATP, mólékù tí sẹ́ẹ̀lì fi ń náwó agbára, ló san án lójú ẹsẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ATP ti san án sílẹ̀ níbòmíràn, tí nǹkan yìí kàn ń jẹ nínú owó náà. Èyí kejì ni ohun tó dùn jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, a máa bá a nínú ìfun.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni ti ohun tó tóbi ju gbogbo ihò lọ: bakitéríà, ìṣù kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ínsúlínì tó ń jáde. Nípa tiwọn, awọ fúnra rẹ̀ ló máa ń ká yí wọn ká, á já bọ́ sínú di àpò kékeré. Tó bá jẹ́ ìjáde ni, àpò inú á wá lẹ̀ mọ́ awọ, á sì ṣí síta. Metchnikoff ti rí irú èyí ní 1882, nígbà tó gún ẹ̀gún wọnú ọmọ ẹja-ìràwọ̀ tó mọ́ gaara, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì sì wá péjọ yí ẹ̀gún náà ká láti gbé e mì. Orí ọ̀rọ̀ yìí gùn, àmọ́ kò le. Mi ò ní lò ju báyìí lọ níbẹ̀.

Ẹ wò ó lábẹ́ máíkírósókópù

Ohun tí ẹ nílò: àlùbọ́sà pupa, máíkírósókópù tó lè sọ nǹkan di ìlọ́po 100 àti 400, gíláàsì pẹlẹbẹ méjì, gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bò ó, abẹ féfé, iyọ̀, omi, àti tíṣù. Ẹ po iyọ̀ gíráàmù 5 mọ́ omi mílílítà 100.

Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àlùbọ́sà pupa, nítorí aró wà nínú àpò omi ńlá tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Nínú funfun, sẹ́ẹ̀lì náà ń sún kì lóòótọ́, àmọ́ ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ojú yín kẹ́ ẹ tó rí i. Ẹ bó èèpo gbígbẹ ara rẹ̀ dànù. Ẹ ya ìpele kan tó lómi nínú, kẹ́ ẹ fi abẹ fa ilà onígun mẹ́rin kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó ti pupa jù, kó má ju mílímítà 5 lọ ní ìbú. Ẹ fi èékánná tàbí ẹ̀mú ṣí awọ pupa náà kúrò lórí ẹran funfun abẹ́ rẹ̀. Tó bá nípọn, tí funfun sì so mọ́ ọn, ẹ jù ú nù kẹ́ ẹ mú òmíràn. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fẹ́lẹ́ débi pé ẹ lè ka ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ kán omi sórí gíláàsì, ẹ tẹ́ awọ náà sínú omi, kó má ká. Ẹ wá fi gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó: ẹ fi etí rẹ̀ kan kanlẹ̀ ná, kẹ́ ẹ rọra dà á lé e díẹ̀díẹ̀, kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà sá jáde. Tẹ́ ẹ bá rí òbìrípo tí etí rẹ̀ dúdú kirikiri, atẹ́gùn ni, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì. Mi ò lè ka iye ọmọ tó ti yà á fún mi gẹ́gẹ́ bíi sẹ́ẹ̀lì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlọ́po 100. Sẹ́ẹ̀lì gbọọrọgbọọrọ lẹ máa rí, tí wọ́n fara ti ara wọn, tí àwọ̀ pupa kún inú wọn dé igun. Ẹ yà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwòrán ò ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò bá ya èyí kò ní mọ̀ pé ohunkóhun yí padà.

Ẹ wá kán omi iyọ̀ sí etí gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà lápá ọ̀tún, kẹ́ ẹ fi tíṣù kan etí òsì. Tíṣù á máa fa omi, omi iyọ̀ á máa tẹ̀ lé e wọ abẹ́ gíláàsì. Ẹ má kúrò nídìí máíkírósókópù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọ̀ pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò ní igun sẹ́ẹ̀lì. Igun ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Á máa sún kì títí á fi di ìṣù kan láàárín, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí aró náà ò dín, omi tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ló dín. Ògiri sẹ́ẹ̀lì ò mira.

Tẹ́ ẹ bá lọ sí ìlọ́po 400, kẹ́ ẹ sì rọra yí iná rẹ̀ sílẹ̀, ẹ lè rí okùn tín-ín-tìn-tín tó so ìṣù náà mọ́ ògiri síbẹ̀. Awọ ni, níbi tó ti di ògiri mú tí kò gbà láti jáwọ́. Àwọn kan nínú wọn wà níbi tí sẹ́ẹ̀lì yìí ti ní ọ̀nà sí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn láti bi àwọn ọmọ ní àkókò yìí ni pé kí ló wà nínú àlàfo tó ṣí sílẹ̀ láàárín ìṣù pupa àti ògiri. Ọ̀pọ̀ á ní omi, àwọn kan á ní atẹ́gùn. Omi iyọ̀ ni. Ògiri ò dí iyọ̀ lọ́wọ́, ó jẹ́ kó wọlé tìrọ̀rùn. Awọ ló dí i. Ẹni tó bá dáhùn èyí ti mọ ìyàtọ̀ ògiri àti awọ ju ẹni tó há ìtumọ̀ méjèèjì sórí lọ.

Ẹ fi omi lásán fọ iyọ̀ náà kúrò lọ́nà kan náà, tíṣù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Pupa á tún kún sẹ́ẹ̀lì padà. Tí kò bá kún padà, iyọ̀ yín ti pọ̀ jù tàbí ẹ ti jẹ́ kó pẹ́ jù, sẹ́ẹ̀lì náà ti kú.

Ìyẹn ló mú wa dé apá tí àwọn èèyàn máa ń fò. Ẹ mú awọ àlùbọ́sà mìíràn, ẹ rì í sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 1, kẹ́ ẹ tó gbé e sábẹ́ máíkírósókópù. Àwọ̀ pupa ti tú jáde sínú omi. Ẹ wá fi iyọ̀ sí i: kò sí ohun tó sún kì. Ògiri ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà, àmọ́ ooru omi náà ti ba awọ jẹ́. Láìṣe èyí, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa jiyàn pẹ̀lú ẹni tó bá ní ògiri ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

Àwọn kan máa ń fi ẹyin tí wọ́n rì sínú fínígà ṣe ìdánwò ọsimósísì yìí, ìyẹn bí omi ṣe ń gba awọ kọjá lọ síbi tí ohun tó yọ́ sínú omi ti pọ̀ jù. Ó rẹwà, ẹyin á wú sókè nínú omi, á sì rún nínú omi ṣúgà. Ṣùgbọ́n awọ tó kù lára ẹyin yẹn, tí èèpo ti yọ́ kúrò, okùn prótíìnì ló hun ara wọn, kì í ṣe ọ̀rá onípele méjì tí à ń sọ. Ẹ lò ó tí kò bá sí máíkírósókópù, kẹ́ ẹ má sì pè é ní awọ sẹ́ẹ̀lì.

Sẹ́ẹ̀lì ẹranko ò ní ògiri. Tí omi bá rọ́ wọlé, kò sí ohun tó máa dá a dúró, á wú títí á fi bẹ́. Ìdí nìyẹn tí omi iyọ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára fi jẹ́ ìdá 0.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí inú sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe ki tó nìyẹn: kò ní wú, kò ní sún kì.

Pọ́ǹpù tó ń san gbogbo owó

Ẹ kọ iye wọ̀nyí sí etí ìwé yín, torí a ò lè tọpa ohunkóhun láìsí wọn. Sódíọ̀mù ní ìta sẹ́ẹ̀lì wa jẹ́ nǹkan bíi mílímólù 145 nínú lítà kan (mílímólù ni òṣùwọ̀n iye íónì tàbí mólékù). Nínú, nǹkan bíi 12. Pọtásíọ̀mù ṣe òdìkejì rẹ̀: nǹkan bíi 140 nínú, 4 tàbí 5 ní ìta.

Ìyàtọ̀ yìí ò dá dúró fúnra rẹ̀, nítorí méjèèjì ló ń jò. Jens Skou ló rí prótíìnì tó ń tún un ṣe, pọ́ǹpù wa nìyẹn, nínú iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ alákàn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1957. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní 1997, wọ́n fún un ní Nobel. Bí prótíìnì náà ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: á gba sódíọ̀mù 3 láti inú sẹ́ẹ̀lì, ATP 1 á fi fọ́sífétì lé e lára, ìyẹn á mú kó yí ara padà, kó ṣíjú síta, sódíọ̀mù á já bọ́, pọtásíọ̀mù 2 á wọlé dípò wọn, fọ́sífétì á bọ́ kúrò, prótíìnì á yí padà sínú, á sì tú pọtásíọ̀mù sílẹ̀. Mẹ́ta jáde, méjì wọlé, ATP kan ló lọ sí i. Ẹ yà á ní ìpele ìpele lẹ́ẹ̀kan, kò ní kúrò lórí yín mọ́.

Ẹ ya sẹ́ẹ̀lì ìfun

Ẹ ya onígun mẹ́rin gígùn mẹ́ta tó fara ti ara wọn. Òkè wọn kọjú sí inú ìfun níbi tí oúnjẹ wà, ẹ fi ìka kéékèèké sí i. Ìsàlẹ̀ wọn kọjú sí iṣan ẹ̀jẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ láti kọ́kọ́ yà lẹ́yìn ìyẹn ni ìsopọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ìwé máa ń fi í sí. Ní ẹ̀gbẹ́ sẹ́ẹ̀lì, nítòsí òkè, ẹ fa ilà tó nípọn níbi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti kan èkejì. Tight junction ni wọ́n ń pè é. Prótíìnì bíi claudin àti occludin láti ara sẹ́ẹ̀lì méjèèjì ló rán awọ wọn pọ̀ níbẹ̀, yí sẹ́ẹ̀lì náà ká pátápátá.

Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Kì í jẹ́ kí nǹkan kàn máa gba àárín sẹ́ẹ̀lì méjì kọjá bó ṣe wù ú. Ìkejì ni pé ó ń ya awọ òkè sọ́tọ̀ kúrò lára awọ ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀. Ẹ rántí pé awọ ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Tí kò bá sí ìdènà yìí, prótíìnì òkè á yọ̀ lọ sísàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ á yọ̀ gòkè.

Ó ti tó láti fi àwọn prótíìnì náà sí ipò wọn. Ẹ fi pọ́ǹpù Skou sí ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ nìkan, kò gbọ́dọ̀ sí lókè. Ẹ fi SGLT1, prótíìnì tó ń gbé sódíọ̀mù àti glúkósì wọlé pọ̀, sí òkè nìkan. Ẹ fi GLUT2, prótíìnì tó ń jẹ́ kí glúkósì kọjá, sí ìsàlẹ̀.

Ẹ wá tẹ̀ lé glúkósì yín. Ó dé òkè sẹ́ẹ̀lì. Ṣé ó lè la ọ̀rá kọjá? Rárá, ó tóbi, ó sì ń fẹ́ omi. Ẹ̀gbẹ́ wo ló ti pọ̀ jù? Tí oúnjẹ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà tán, inú sẹ́ẹ̀lì ló ti pọ̀ ju inú ìfun lọ, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ wọlé. Ta ló ń sanwó? Sódíọ̀mù. Pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ ti lé sódíọ̀mù kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, ti òkè wá ń wá ọ̀nà wọlé lójú méjèèjì. SGLT1 ò ní jẹ́ kó wọlé àfi tó bá mú glúkósì dání: sódíọ̀mù 2, glúkósì 1. Bí ọmọ tí ìyá pọ̀n ni glúkósì ṣe ń wọlé: ẹsẹ̀ ìyá ló ń rìn, ọmọ sì dé ibi tó ń lọ. Nísinsin yìí glúkósì ti pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ju inú ẹ̀jẹ̀ lọ, GLUT2 á sì jẹ́ kó jáde nísàlẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Sódíọ̀mù tó wọlé, pọ́ǹpù á tún tì í jáde. Omi á tẹ̀ lé wọn.

Robert Crane ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ sódíọ̀mù àti glúkósì tó jọ ń wọlé yìí kalẹ̀, ní ìpàdé kan ní Prague ní 1960. Ẹ̀mí tí ìmọ̀ yìí ti gbà là kò kéré. Nínú àrùn onígbáméjì, oró bakitéríà náà máa ń ṣí ihò kílóráìdì tó wà lókè sẹ́ẹ̀lì ìfun, kílóráìdì á tú sínú ìfun, sódíọ̀mù àti omi á tẹ̀ lé e, aláìsàn á sì máa yàgbẹ́ omi títí tó fi lè kú. Ṣùgbọ́n oró yẹn ò fọwọ́ kan SGLT1. Tí ẹ bá fún un ní iyọ̀ nìkan, kò fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Ẹ fi glúkósì sí i, méjèèjì á jọ wọlé, omi á sì bá wọn lọ. Omi iyọ̀ àti ṣúgà tí àjọ WHO ń lò láti 2002 ní mílímólù sódíọ̀mù 75 àti mílímólù glúkósì 75 nínú lítà kan, gbogbo ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ sì jẹ́ mílímólù 245. Ẹni tó bá rò pé púpọ̀ ló dáa jù, kó wo àlùbọ́sà wa. Tí omi náà bá ki ju ẹ̀jẹ̀ lọ, inú ìfun ló máa fa omi sí.

Àwọn ìsopọ̀ yòókù

Nísàlẹ̀ tight junction, ẹ fi àmì kékeré díẹ̀ sáàárín sẹ́ẹ̀lì méjì fún désmósómù. Èyí ò dí nǹkan kan lọ́nà, ìdìmú ni iṣẹ́ tirẹ̀. Prótíìnì ẹbí cadherin, tí kì í lè di ara wọn mú láìsí kálísíọ̀mù, ló na ọwọ́ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, okùn keratin sì dè é mọ́ inú sẹ́ẹ̀lì. Ó pọ̀ níbi tí fífà àti títì bá ti pọ̀: awọ ara àti ọkàn. Nínú àìsàn tí wọ́n ń pè ní pemphigus, ara ẹni fúnra rẹ̀ ló ń gbógun ti prótíìnì désmósómù, sẹ́ẹ̀lì awọ ara á já kúrò lára wọn, ara á sì máa lé ròrò.

Gap junction ni ọ̀nà tààrà láti inú sẹ́ẹ̀lì kan sínú èkejì. Prótíìnì 6 tí wọ́n ń pè ní connexin ló pé jọ di ìdajì ihò lára sẹ́ẹ̀lì kan, 6 mìíràn lára èkejì, méjèèjì á kan ara wọn. Íónì, ATP, àti mólékù tí kò ju nǹkan bíi dáltọ̀nù 1,000 lọ (dáltọ̀nù ni òṣùwọ̀n ìwúwo mólékù) lè kọjá. Prótíìnì ò lè kọjá. Nínú ọkàn, ibẹ̀ ni iná ń gbà láti sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń sún kì pọ̀. Tí sẹ́ẹ̀lì kan bá fara gbọgbẹ́, tí kálísíọ̀mù rọ́ wọ inú rẹ̀, àwọn ihò yìí á tì, kí aládùúgbò má bàa bá a kú.

Ewéko ò lè ṣe gap junction nítorí ògiri. Dípò rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ihò la ògiri já, awọ sẹ́ẹ̀lì kan sì gba inú rẹ̀ di awọ sẹ́ẹ̀lì kejì láìsí ààlà. Plasmodesmata ni orúkọ wọn, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi nánómítà 50. Eduard Tangl ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe wọn ní 1879. Ṣúgà ń gbabẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì mósáíìkì tábà náà ń gbabẹ̀: ó ní prótíìnì tirẹ̀ tó ń fẹ ihò náà kó lè wọ sẹ́ẹ̀lì tó kàn.

Ẹ dán àwòrán yín wò

Ẹ fún ẹlòmíràn ní àwòrán ìfun yín, kẹ́ ẹ bi í ní ìbéèrè yìí. Ouabain jẹ́ oró láti ara igi, tí àwọn ọdẹ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà máa ń fi sí ẹnu ọfà. Pọ́ǹpù Skou ló ń dá dúró, láti ìta sẹ́ẹ̀lì ló sì ti ń dì í mú. Tí ẹ bá fi sí ìsàlẹ̀ sẹ́ẹ̀lì, ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀jẹ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí glúkósì?

Ẹni tó tẹ̀ lé e dáadáa á ní glúkósì á dáwọ́ wíwọlé dúró lókè, bẹ́ẹ̀ oró náà ò fọwọ́ kan SGLT1 rárá. Sódíọ̀mù ti kún inú sẹ́ẹ̀lì, kò sí ohun tó ń fa ti ìta wọlé mọ́, glúkósì ò sì rí ẹni pọ̀n ọ́n.

Ẹ wá gbé oró kan náà wá sí òkè nìkan, sínú ìfun. Tó bá ní glúkósì ṣì ń wọlé bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀, ẹ ní kó fi ìka tọ́ ibi tí oró náà kò ti rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù. Orí ilà nípọn tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fà ló yẹ kí ìka rẹ̀ bọ́ sí.